Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kà? Ìfiwéra Ìwé Ìtàn Àròsọ Yorùbá Mẹ́rin

Bí àwọn tó fẹ́ràn ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá bá pàdé, tí oníkálukú ń sọ èrò rẹ̀ nípa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà parí, kì í pẹ́ rárá kí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan á ní kò tíì sí ìwé tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ẹlòmíràn á dáhùn pé òun kò lè ka ìwé náà dé ìdajì nítorí pé ìmọ̀ràn àti ìwàásù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun bẹ̀rẹ̀ Àjà Ló Lẹrù ní ìrọ̀lẹ́, òun kò sì gbé e sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn tún wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Àjàní àti àwọn ọmọbìnrin inú Ó Le Kú ṣì ń dùn ún wọra bí ẹni pé ará ilé rẹ̀ ni wọ́n. Mo ti bá wọn dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó sì dá mi lójú ni pé àwọn òǹkàwé wọ̀nyí kò ta ko ara wọn tó bí wọ́n ṣe rò. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ka ìwé ló yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n ka Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ sí létí nígbà tó wà ní kékeré, àti ẹni tó ń fi ojú nìkan kà á nínú ọkọ̀ èrò láàárín ariwo, kò lè ní èrò kan náà nípa rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣí.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní sọ èyí tó dára jù fún gbogbo ènìyàn nínú àwọn ìwé mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wé ara wọn yìí, ìyẹn àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ lókè àti Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Ìwé gidi ni gbogbo wọn, mo sì fẹ́ràn wọn dénú. Ṣùgbọ́n owó àti àkókò kò pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí kò bá ọ̀nà ìkàwé rẹ̀ mu lè rò pé ìwé Yorùbá kò tu òun lára, kó má sì padà sí i mọ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ yan ìwé bi ara rẹ̀ ni èyí: ṣé èmi nìkan ni mo fẹ́ kà á, àbí mo fẹ́ kà á sí etí ẹlòmíràn, àbí àwa bíi mélòó kan fẹ́ kà á kí a sì jókòó jiyàn lé e lórí? Ìdáhùn rẹ̀ ni kó fi mú ìwé, kó má ṣe fi òkìkí òǹkọ̀wé nìkan mú un.

Ògbójú Ọdẹ àti Àjà Ló Lẹrù

Àwọn méjì yìí ni àwọn òǹkàwé máa ń gbé ko ara wọn jù lọ. D. O. Fágúnwà, ọmọ bíbí Òkè-Igbó, ló kọ Ògbójú Ọdẹ, ó sì jáde ní 1938. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló kọ Àjà Ló Lẹrù, tó jáde ní 1969. Ọdún 31 péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà wọ́n tẹ̀ léra yóò rò pé ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, nítorí pé ayé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ìwà akọni inú wọn yàtọ̀, ìrìn gbólóhùn wọn pàápàá yàtọ̀.

Nínú Ògbójú Ọdẹ, bàbá arúgbó kan ló tọ òǹkọ̀wé wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tó ní kó mú kálámù àti ìwé kó máa kọ ìtàn ìgbésí ayé òun sílẹ̀. Àkàrà-Ògùn ni bàbá náà. Ọdẹ ni bàbá tó bí i, àjẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wọ Igbó Irúnmalẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó bá iwin àti ẹbọra pàdé níbẹ̀, kí ọba ìlú rẹ̀ tó wá rán òun àti àwọn ògbójú ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ sí Òkè Lángbòdó. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé òde òní kì í fiyè sí nínú ìwé yìí, òun ni bí àwọn olùgbọ́ ṣe ń pọ̀ sí i bí ìtàn náà ṣe ń lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, òǹkọ̀wé nìkan ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, àwọn ènìyàn ti gbọ́ sí i, wọ́n sì ti wá jókòó láti fetí sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, èrò ọ̀hún ti ju ti àná lọ. Fágúnwà tipa bẹ́ẹ̀ fi hàn wá bó ṣe fẹ́ kí a lo ìwé òun: kí ẹnì kan máa sọ, kí àwọn yòókù máa gbọ́, kí ìròyìn rẹ̀ sì máa fa àwọn mìíràn wá.

Gbólóhùn rẹ̀ náà jẹ́rìí sí i. Òǹkọ̀wé yìí kì í sọ pé ẹ̀dá kan burú kó sì kọjá síbẹ̀. Á to orí rẹ̀, á to ojú rẹ̀, á to ọwọ́, aṣọ àti ìrìn rẹ̀, á sọ ọ́ bákan, á tún un sọ ní ọ̀nà mìíràn, títí tí olùgbọ́ yóò fi rí ẹ̀dá náà lójú ara rẹ̀. Ẹ mú ibi tí Àkàrà-Ògùn ti pàdé Àgbákò, abàmì ẹ̀dá olójú mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá kà á ní ìdákẹ́jẹ́ yóò rí ìjà níbẹ̀, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kà á sókè yóò gbọ́ bí gbólóhùn ṣe ń sáré, tó ń dúró mí, tó sì tún ń gbéra, ọmọdé tó bá wà nítòsí yóò sì ti fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀ kí ojú ìwé náà tó parí. Kò yà mí lẹ́nu pé ìtàn yìí ni Wálé Ògúnyẹmí sọ di eré orí ìtàgé Langbodo, tí Nàìjíríà fi kópa nínú FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, ní Èkó ní 1977, nítorí pé ìwé tó ń wá olùgbọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀sùn pé ìwàásù pọ̀ nínú rẹ̀, òótọ́ ni. Ìgbà tí àwọn ọdẹ náà dé Òkè Lángbòdó, ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ni wọ́n wọ̀ sí, ọjọ́ méje gbáko ni ọlọ́gbọ́n náà sì fi ń kó wọn wọ iyàrá kan dé èkejì, tó ń fún wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ọmọ títọ́, nípa ìwà, nípa Ọlọ́run. Ẹni tó bá fẹ́ ka gbogbo rẹ̀ tán ní ìjókòó kan, tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà nínú ìjà àti ìrìn àjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, kò lè ṣe kó má ráhùn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ pín in gẹ́gẹ́ bí Fágúnwà ṣe pín in: ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ní alẹ́ kan, kí àwọn tó wà ní ìjókòó sì dá sí i kí wọ́n tó lọ sùn. Lọ́nà yẹn, apá ibi tí àwọn ènìyàn máa ń fò ni yóò mú ọ̀rọ̀ wá jù láàárín àgbà àti ọmọ, pàápàá ní ilé tí òbí àti ọmọ kò ti fi ojú kan náà wo bí ó ṣe yẹ kí a tọ́ ọmọ.

Àjà Ló Lẹrù kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí igbó àìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò pe wá jókòó láti wá gba ìmọ̀ràn. Lápàdé, tó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí tó sì ti kúrò níbẹ̀, ni akọni ìwé náà. Òun àti Tàfá Ìgiripá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tún jẹ́ igbákejì rẹ̀, ló ń lé àwọn ọ̀daràn kiri ní ìlú àti lójú títì tí a mọ̀, nínú ọkọ̀ tí a mọ̀. Nígbà tí ọ̀ràn bá le fún Àkàrà-Ògùn, oògùn, ọfọ̀ àti àdúrà ló máa ń sá tọ̀. Nígbà tí ọ̀ràn bá le fún Lápàdé, ọgbọ́n orí, ìgboyà àti ẹnu tó dùn ni gbogbo ohun ìjà rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí tóbi ju bí a ṣe máa ń kà á sí lọ, nítorí pé Òkédìjí fi hàn pé èdè Yorùbá tó láti gbé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìjẹ́ pé ó gbára lé ohun àràmàǹdà kankan láti mú kí àyà òǹkàwé máa já.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìwé náà ni ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín Lápàdé àti Tàfá. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń ṣe àpọ́nlé ara wọn, wọ́n ń fi òwe dá ara wọn lóhùn, wọ́n sì máa ń yí òwe náà lórí kó lè bá ohun tó wà nílẹ̀ mu, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó ti jọ pẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀. Nínú ìwé Fágúnwà, òwe wà láti kọ́ni. Nínú ti Òkédìjí, òwe wà láti fi ta ènìyàn, láti fi dẹ́rìn-ín pani, láti fi bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀ nígbà tí ewu bá dé tòsí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń yára lọ bọ̀ débi pé ẹni tó bá ń kà á sókè fún àwọn ẹlòmíràn yóò ní láti máa pààrọ̀ ohùn ní ìlà dé ìlà, olùgbọ́ sì lè má mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú ló yẹ kó kà á. Ojú lè sáré síwájú, ó lè padà sẹ́yìn láti wo ẹni tó sọ ohun tó dùn yẹn, ó sì lè bá Lápàdé sáré títí ọ̀rọ̀ fi yanjú.

Nítorí náà, bí ẹ kò bá tíì ka ìwé Yorùbá kan parí láti ìgbà tí ẹ ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, Àjà Ló Lẹrù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní Fágúnwà ni bàbá wọn, òun ló sì yẹ ká kọ́kọ́ kí. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ipò rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ mu mọ́ nílò ìwé tí yóò máa fi ìbéèrè kan ṣoṣo fà á lọ, ìyẹn ni pé kí ló tún máa ṣẹlẹ̀, kó tó mọ̀ pé ojú òun ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka Yorùbá láìdúró. Gbólóhùn Òkédìjí kò gùn, ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í sì í fi òǹkàwé sílẹ̀ láìsí ohun tó ń lé. Bí ẹ bá sì ní ọmọ nílé, tàbí ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ẹ yí ìmọ̀ràn yìí padà: Ògbójú Ọdẹ ni kí ẹ mú, kí ẹ sì gbé ohùn yín sókè.

Ó Le Kú, fún àwọn tó fẹ́ jọ sọ̀rọ̀

Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn, gbé Ó Le Kú jáde ní 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, ni olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń retí kó mú ìyàwó wálé, òun náà sì ń wá ẹni tí yóò fẹ́. Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé ni àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà yí ká. Mi ò ní sọ bí ó ṣe parí, nítorí pé ẹni tó bá ti mọ òpin ìwé yìí kó tó kà á ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀.

Èdè Ìṣọ̀lá sún mọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ó ń jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, kí ìyá sọ̀rọ̀ bí ìyá, kí ọ̀rẹ́ sì gba ọ̀rẹ́ nímọ̀ràn bí ọ̀rẹ́, nítorí náà kò ní ṣòro fún ẹni tí Yorùbá rẹ̀ jẹ́ ti ìgboro. Síbẹ̀, kì í ṣe nítorí ìrọ̀rùn rẹ̀ ni mo fi ń sọ pé kí ẹgbẹ́ òǹkàwé mú un. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí èyí tó lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀ tó o. Ẹni tó ka Àjà Ló Lẹrù parí yóò sọ pé ó dùn, ọ̀rọ̀ sì lè tán síbẹ̀. Ẹni tó ka Ó Le Kú parí yóò fẹ́ mọ̀ ẹni tó jẹ̀bi. Ṣé Àjàní ni, tí kò lè pinnu, tó ń fi ọkàn àwọn ọmọbìnrin ṣeré? Ṣé ìyá rẹ̀ ni, tó ń kán an lójú? Ṣé àwọn òbí tó fẹ́ yan ọkọ fún ọmọ ni? Tàbí ọjọ́ orí àwọn ọ̀dọ́ náà ló fà á, tí ó jẹ́ pé wọn kò tíì tó ẹni tí a ń bi ní ìbéèrè tí kò ní àtúnṣe?

Mo ti ṣàkíyèsí pé ìdáhùn máa ń yàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, ó sì tún máa ń yàtọ̀ láàárín àwọn tó ti ṣègbéyàwó àti àwọn tí kò tíì ṣe é. Àwọn obìnrin kan ń sọ pé ojú Àjàní ni a fi ń wo àwọn ọmọbìnrin náà jù, pé ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu wọn ju bí a ṣe gbọ́ ọ lọ. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó sì tọ́ láti sọ ọ́ nípa Fágúnwà náà, nítorí pé ìyá Àkàrà-Ògùn, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí a bá pàdé nínú Ògbójú Ọdẹ, àjẹ́ ni òǹkọ̀wé fi í ṣe, a kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kó tó kọjá lọ. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa lè fi àwọn ìwé méjèèjì wé ara wọn ní ìpàdé kan náà. Ó máa ń mú kí àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ la ẹnu.

Kì í ṣe òní ni irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn òǹkàwé Yorùbá. Láti 1929 wọ 1930, nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá jáde ní ẹsẹẹsẹ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú, àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà tiwọn wá, wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń dá a lẹ́jọ́, àwọn kan sì gbà pé ènìyàn gidi ni. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn èyí kí Ògbójú Ọdẹ tó jáde. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà rẹ̀ tí Karin Barber tún tẹ̀ jáde ní 2012, a jẹ́ pé ẹ ti rí ìwé tó dára láti fi tẹ̀ lé Ó Le Kú ní ìpàdé yín, nítorí pé ohùn obìnrin tí a ń wá nínú ti Ìṣọ̀lá ló kún inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ló kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa fíìmù. Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú di fíìmù ní 1997, ó sì dára púpọ̀. Aṣọ àti ìrísí ayé ìgbà náà tó fi hàn tilẹ̀ sọ àrà aṣọ náà di tuntun lọ́wọ́ àwọn aránṣọ, tí orúkọ ìwé náà fi di orúkọ aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó wo fíìmù. Kámẹ́rà lè fi ojú Àjàní hàn wá, ìwé nìkan ló lè fi bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń yí bìrí láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì hàn wá, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹjọ́ tí ẹ máa dá wà.

Ọmọ Olókùn Ẹṣin

Adébáyọ̀ Fálétí kọ èyí ní nǹkan bí ìgbà kan náà tí Àjà Ló Lẹrù jáde. Ìtàn àwọn ènìyàn tó wà lábẹ́ ìjọba Olúmokò ni, àwọn tí sísin ọba tó ń jẹ gàba lé wọn lórí ti sú, tí Àjàyí sì dìde láàárín wọn láti gba òmìnira, tòun ti Àyọ̀wí àti Ìbíwùmí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ìwé Yorùbá tó sọ̀rọ̀ nípa agbára, ìfìyàjẹni àti ohun tí ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ̀ ìsìn máa ń fojú rí, èyí ni mo máa ń nà sí i.

Àmọ́ mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: òun ló le jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Akéwì ni Fálétí, ó sì ń lo ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ààfin, ọ̀rọ̀ ẹṣin àti ti ogun, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀ wọ́n láti ilé. Ẹni tó bá fẹ́ sáré kà á bí ó ṣe sáré ka ti Òkédìjí yóò ṣubú lójú ìwé mélòó kan. Kò sì rí bíi ti Fágúnwà tí ohùn lè fi gbé olùgbọ́ kọjá ibi tó ṣókùnkùn, nítorí pé nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ẹni tí kò bá lóye ìpinnu tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ṣe ní orí kan kò ní lóye ìyà tó bá wọn ní orí tó tẹ̀ lé e. Orí kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa kà, kí ẹ̀yin méjì jọ máa kà á, kí ìwé atúmọ̀ èdè tàbí àgbàlagbà kan tó gbọ́ Ọ̀yọ́ dáadáa sì wà nítòsí. Olùkọ́ tó bá ní kíláàsì àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ lè fi odidi sáà kan kà á láìsí pé ọ̀rọ̀ tán.

Àwọn kan máa ń fi í wé Ògbójú Ọdẹ nítorí pé àwọn méjèèjì ní akọni, ìrìn àjò àti ìjà. Ìfiwéra yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́ lójú tèmi. Àkàrà-Ògùn ń jẹ́ iṣẹ́ ọba; Àjàyí ń kọ̀ láti sin ọba. Ẹni tó bá fẹ́ ka méjèèjì, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti Fágúnwà, kó lè mọ bí ohun tí Fálétí ṣe ṣe tuntun tó.

Ẹ̀dà tí ẹ máa rà

Kò sí ohun tó ń ba ìwé Yorùbá jẹ́ lọ́wọ́ òǹkàwé bí ẹ̀dà tí kò dára. Ọwọ́ mi ti tẹ ẹ̀dà kan rí, lọ́dọ̀ olùtàwé ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n fi ẹ̀rọ da kọ débi pé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ti pòórá ní ìdajì ojú ìwé, mo sì ní láti máa méfò gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ ṣí ìwé náà láàárín kí ẹ tó sanwó, ẹ wo bóyá àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ hàn kedere. Bí kò bá hàn, ẹ má rà á, ẹ̀dinwó yòówù kí wọ́n ṣe fún yín.

Ẹ tún wo àkọtọ́, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹ̀dà tó ti pẹ́, pàápàá ti Fágúnwà, tẹ̀ lé àkọtọ́ tí a ń lò kí ìjọba tó fọwọ́ sí ti òde òní ní 1974, nítorí náà ẹ óò bá «aiye», «enia» àti «ọkọnrin» níbi tí àwa ń kọ «ayé», «ènìyàn» àti «ọkùnrin», àmì ohùn rẹ̀ náà kò sì ní pọ̀ tó ti ìsinsìnyí. Kì í ṣe àbùkù fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn, èmi tilẹ̀ fẹ́ràn láti máa rí i. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá ní London tàbí ní Houston, tó jẹ́ pé ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan ló mọ̀, ẹ̀dà àkọtọ́ tuntun ni kí ẹ wá fún un.

Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, mi ò tilẹ̀ ní fi odidi ìwé kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìpàdé kan ṣoṣo láti inú Ògbójú Ọdẹ, irú bíi ti Àgbákò, kí ẹ kà á sí i létí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí òun náà wá kà á fún yín. Wole Soyinka túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó sì lè ran òbí tí kò gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Soyinka ni, pẹ̀lú ìlù tirẹ̀. Ẹ má fi rọ́pò ti Fágúnwà kí ẹ sì rò pé ọmọ ti gbọ́ ọ. Bí ọmọ náà bá ti dàgbà díẹ̀, Ogún Ọmọdé tí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1990, nípa ìgbà èwe ní abúlé, yóò bá a lára mu ju Ó Le Kú lọ.

Èyí tó kàn lẹ́yìn tí ẹ bá parí ọ̀kan

Ẹni tó bá gbádùn Ògbójú Ọdẹ kò ní láti ronú púpọ̀: Igbó Olódùmarè, tó jáde ní 1949, ló kàn, nítorí pé ìtàn Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Ògùn, ni. Bí ẹ ṣe ka ti àkọ́kọ́ sókè ni kí ẹ ka èyí náà.

Ẹni tó bá gbádùn Àjà Ló Lẹrù, kó wá Àgbàlagbà Akàn ti 1971, nínú èyí tí Lápàdé ti padà wá. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni Atótó Arére, tí Òkédìjí gbé jáde ní 1981. Ọ̀pọ̀ ti mú un pẹ̀lú ìrètí pé ẹ̀rín àti ìsáré Lápàdé ni àwọn máa bá níbẹ̀, wọ́n sì sọ pé ó já àwọn kulẹ̀. Ìwé ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀daràn ni Òkédìjí dúró sí níbẹ̀, ó tẹ̀ lé Àlàbí láti inú ilé tó tú ká títí dé inú ìwà ọ̀daràn, kò sì sí Lápàdé kankan tó wá yọ ọ́. Ó wúwo lọ́kàn ju Àjà Ló Lẹrù lọ, ó sì jinlẹ̀ jù ú lọ pẹ̀lú. Ẹ má ka ìwé náà ní alẹ́ nínú ọkọ̀ èrò. Ẹ mú un lọ sí ìpàdé tí ẹ ti jiyàn lórí Ó Le Kú, nítorí pé ìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi ni yóò tún bi yín, lọ́tẹ̀ yìí lórí ọmọ tí gbogbo àgbà tó yí i ká ní ọwọ́ nínú ìparun rẹ̀.